Àáké Méjì Nínú Kẹ̀kẹ́ Ẹṣin Kan

                                                  17, Òpópónà Mulberry,
                                                  Tilghman Ford,
                                                  Amẹ́ríkà.
                                                  Ọjọ́ kẹwàá, Oṣù Kejìlá, 2022.

Lásúnkànmí, ọ̀rẹ́ mi tó ju iyèkan lọ,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ìbejì tí mo gbọ́ pé wọ́n ti ń bá ọ du tẹlifíṣọ̀n báyìí. Ṣé ara Màámi ti ń mókun díẹ̀? Ṣé orúnkún wọn ti gbà wọ́n láyè láti rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì? Ẹ kú ọyẹ́ o. Mo mọ̀ pé yóò ti máa la ètè yín ní Ẹdẹ. Òtútù ti dé síbí náà, ṣùgbọ́n ara mi le. Etí mi òsì nìkan ni kò tíì gbọ́ràn dáadáa, nítorí wọ́n fi pátákó gbá mi níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sára pátákó náà ni "Ẹ Jẹ́ Ká Máa Bọ̀wọ̀ Fúnra Wa." Èmi fúnra mi ni mo tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ náà dára. Bó ṣe bà mí tó, ọ̀dà rẹ̀ kò họ.

O béèrè bóyá òótọ́ ni pé àwọn èèyàn ìlú wa níbí yọ àáké síra wọn nítorí ẹni tí yóò ṣe adájọ́. Òótọ́ ni. Jẹ́ kí n ròyìn rẹ̀ bó ṣe rí, kí o má baà gbọ́ ti àwọn tí kò sí níbẹ̀.

Adájọ́ ilé ẹjọ́ wa kú ní àsìkò tí igi ń rúwé. Kò sí ẹni tó pa á. Ojú oorun ló kú sí, ìyẹn sì ni ohun ìkẹyìn tó ṣẹlẹ̀ ní wọ́ọ́rọ́wọ́ ní Tilghman Ford lọ́dún yìí. Àga adájọ́ kan ṣoṣo ni ilé ẹjọ́ náà ní. Gómìnà ìpínlẹ̀ wa wá yan Nadine Messick sí i. Nadine ni lọ́yà tí ọ́fíìsì rẹ̀ fara ti ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló bá mi ṣe ìwé ìgbélùú mi, òun náà ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ lórí yìnyín. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kì í pariwo, kì í purọ́. Láti ìgbà tó ti di lọ́yà ló ti ń dúró níwájú àga yẹn, tó ń bẹ ẹni tó bá wà lórí rẹ̀. Ó sọ fún mi nígbà kan pé ohun kan ṣoṣo tí òun fẹ́ láyé ni kí òun dá ẹjọ́ kan bó ṣe yẹ kí wọ́n dá a. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ti rí àwọn tó fẹ́ ohun tó kéré sí ìyẹn, tí wọn kò rí i.

Gómìnà lè yan èèyàn, àmọ́ àwọn sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ ló ń dìbò fọwọ́ sí i, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti wọlé. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjì ló wà níbí. Ọ̀kan fi erin ṣe àmì, èkejì fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ṣe tirẹ̀. Kò sí èyí tó fi èèyàn ṣe. Ọmọ ẹgbẹ́ Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni gómìnà, nítorí náà ẹgbẹ́ Erin kò fẹ́ Nadine. Ká ní Erin ló yàn án ni, Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni kò ní fẹ́ ẹ. Nadine fúnra rẹ̀ kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, èyí tó mú kí tọ̀tún tòsì máa fura sí i.

Alága ẹgbẹ́ Erin nílùú wa ni Royce Lingo, tó ń sin adìẹ, tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn gáréèjì. Alága ẹgbẹ́ Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni Dottie Wharton, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, obìnrin kékeré tí ohùn rẹ̀ lè jí òkú. Òun ló kọ́ ìdajì ìlú yìí níwèé, Royce sì wà lára wọn. Oníbàárà wa làwọn méjèèjì. Ẹgbẹ́ Erin túlẹ̀ títí, wọ́n rí i pé nígbà tí Nadine ṣẹ̀ṣẹ̀ di lọ́yà, ó gba ẹjọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan rò tí wọ́n ní ó jí ẹlẹ́dẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà jàre, nítorí ẹlẹ́dẹ̀ ọ̀hún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí a tẹ pátákó fún àwọn: "Messick: Ọ̀rẹ́ Olè, Ọ̀tá Ẹlẹ́dẹ̀." A tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, Dottie wọlé, ó ní kí a tẹ tòun: "Ẹni Tó Bá Kọ Messick Ń Lu Ìyàwó Nílé." A tẹ ìyẹn náà. Kò pẹ́ tí ìyàwó Royce fi já wọ ṣọ́ọ̀bù.

"Ta ni wọ́n ní ó ń lù mí?" ló fi pariwo. "Royce? Royce tí mo máa ń fi ìgbálẹ̀ lé jáde? Ẹ tún un kọ!"

A kò tún un kọ. Dottie kò fẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ kúrò lórí pátákó. Nadine jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá orí ẹlẹ́dẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀. Wọ́n fi aṣọ dúdú àwọn adájọ́ wé e lọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti dì mọ́ ẹnu ọ̀nà. Àwọn tó ṣe é yìí náà ló ní ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ń ká àwọn lára. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹnì kan dáná sun ilé adìẹ Royce. Àwọn adìẹ ń fò nínú iná, wọ́n ń kọ lu ara wọn, wọ́n ń jábọ́ bí òkúta. Òórùn wọn gba gbogbo ìlú, ohun tó sì burú jù níbẹ̀ ni pé ó ń pa èèyàn lébi. Wọ́n yìnbọn pa ajá Dottie. Pásítọ̀ pe ìpàdé lórí ìwà ọmọlúàbí, ibẹ̀ ni díákónì kan ti pàdánù eyín iwájú méjì. Pásítọ̀ wá rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó mọ́. Ó ní kí a tẹ pátákó ìbọ̀wọ̀fúnni, kí a sì fi igi tó nípọn ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́. Nínú gbogbo pátákó tí a ṣe lọ́dún yìí, tirẹ̀ ni igi rẹ̀ le jù.

Nígbà tí a ka àwọn sẹ́nétọ̀ tó ní àwọn máa dìbò fún Nadine àti àwọn tó ní àwọn kò ní dìbò fún un, wọ́n dọ́gba. Ẹnì kan ló kù tí kò tíì sọ tẹnu rẹ̀: Everett Burris, sẹ́nétọ̀ agbègbè wa. Ọmọ ẹgbẹ́ Erin ni, àmọ́ òun àti Nadine jọ jókòó ní kíláàsì kan náà nígbà èwe. Kò fẹ́ ṣẹ ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì fẹ́ ṣẹ ọ̀rẹ́ ìgbà èwe rẹ̀. Ó gun orí àtẹ̀gùn kọ́ọ̀tù, ó ní:

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjọ́ tí a ó ri àáké mọ́lẹ̀ ń bọ̀. Tí a bá rì í láìsí ẹ̀jẹ̀, màá dìbò fún Nadine. Tí ẹ̀jẹ̀ bá kán sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀ mí mọ́."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Nadine náà pàtẹ́wọ́. Kí ni ì bá ṣe?

Àṣà ibí ni, Lásún. Tí ìdìbò gbogbogbòò bá parí, kì í ṣe ti àwọn sẹ́nétọ̀ yìí o, alága ẹgbẹ́ méjèèjì á jọ gun kẹ̀kẹ́ ẹṣin kan yí ìlú ká, wọ́n á wá ri àáké sínú àpótí yanrìn níwájú kọ́ọ̀tù, láti fi hàn pé ìjà ti tán. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ìlú á jẹ màlúù tí wọ́n ti ń yí lórí iná láti àná. Àṣà tó dára ni. Ìlú tó bá ti mọ ọjọ́ tí ìjà ń parí, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ láti jà títí di ọjọ́ náà.

Lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò fẹnu kò lórí ẹni tí yóò mú àáké wá. Royce ní òun kò lè jókòó ti Dottie kí irin wà lọ́wọ́ Dottie. Dottie ní ohun tó wà lọ́kàn òun nípa Royce gan-an nìyẹn. Ìgbìmọ̀ àlàáfíà jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, wọ́n jiyàn títí ọ̀fun wọn gbẹ, wọ́n sì rí ọ̀nà àbáyọ: kí oníkálukú mú àáké tirẹ̀ wá. Inú wọn dùn débi pé wọ́n dìde bọ ara wọn lọ́wọ́. Mo wà níbẹ̀, èmi ni mo gbé ìwé ètò wá fún wọn láti yẹ̀ wò. Nadine nìkan ló nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ṣé a ò lè ri ṣíbí?"

"Ṣíbí kọ́ làwọn baba wa fi jà, Nadine," ni alága ìgbìmọ̀ dá a lóhùn, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ pé. Ìlú kún fọ́fọ́. Royce àti Dottie fèjìká kan èjìká nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, oníkálukú gbé àáké lé itan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń juwọ́ sí ọmọdé. Àáké méjèèjì ń dán gbinrin. Dottie ní òun pọ́n tòun kí ó lè hàn dáadáa nínú fọ́tò. Royce ní òun pọ́n tòun nítorí Dottie pọ́n tirẹ̀. Burris wà lórí pèpéle pẹ̀lú ife omi èso lọ́wọ́, Nadine jókòó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nínú ẹ̀wù òtútù tuntun. Mi ò rí i kí ó wọ aṣọ tuntun rí.

Royce ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé àáké rẹ̀ sínú àpótí, ó da yanrìn bò ó. Dottie bá tẹ̀ síwájú pẹ̀lú tirẹ̀.

"Ẹ dúró ná, Tíṣà," ni Royce wí. "Kí lẹ fẹ́ ṣe yẹn?"

"Mo fẹ́ ri àáké mi ni."

"Lórí tèmi?"

"Níbo ni kí n rì í sí, inú fìlà rẹ?"

"Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àáké wa ò lè wà nísàlẹ̀ tiyín."

"Ẹ̀gbẹ́ dà? Ṣé o ò rí àpótí ni?"

Òótọ́ ni. Àpótí náà kò gbà ju àáké kan lọ. Ìgbìmọ̀ àlàáfíà ti ronú nípa ẹṣin, nípa màlúù, nípa orin tí wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀. Wọn kò ronú nípa àpótí.

"Ó dáa, màá yọ tèmi," ni Royce wí. "Kí tiyín kọ́kọ́ wọlé."

"Kí tèmi wá wà nísàlẹ̀? Royce Lingo, èmi ni mo kọ́ ẹ ní ìṣirò. O ò mọ̀ ọ́n nígbà yẹn, o ò mọ̀ ọ́n títí dòní."

"Ẹni tó lè fi rúlà na ọmọ kékeré ní ìka, kí ni ò lè dáná sun? Ìwọ lo sun adìẹ mi!"

"Ta ló pa ajá mi, ìwọ aláìmoore yìí?"

"Sọ fún un, Royce!" ni ẹnì kan ké láàárín èrò.

"Màmá Dottie, fọ́ ọ létí!" ni ẹlòmíì dáhùn.

"Ẹ rọra o," ni Burris wí látòkè. "Mò ń wò yín."

Nadine dìde. Ó rìn lọ bá wọn, ó kúnlẹ̀ nídìí àpótí, ó ti ọwọ́ ọ̀tún bọ inú yanrìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ.

"Ẹ má gbé wọn dùbúlẹ̀," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹ̀gbẹ́ dúró, kí wọ́n fẹ̀yìn kan ara wọn. Kò ní sí tòkè, kò ní sí tilẹ̀. Royce, ṣé ìyẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn? Tíṣà Dottie ń kọ́?"

Royce wo Dottie, Dottie wo Royce. Royce fa àáké rẹ̀ yọ kí wọ́n lè tò ó bí Nadine ṣe wí. Dottie náà gbé tirẹ̀ dání, ó ń dúró. Lásún, ẹjọ́ tí Nadine fẹ́ dá láyé nìyẹn, ó sì ti dá a tán. Ohun tó kù ò ju kí wọ́n gbé irin sílẹ̀ lọ.

Ìgbà yẹn ni ẹnì kan ju egungun màlúù. Títí di òní, a kò mọ ẹni náà. Egungun ọ̀hún gbóná, ó ba Royce lẹ́bàá ojú, ọ̀rá sì ṣàn wọ ojú rẹ̀. Kò ríran. Ó rò pé Dottie ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbé àáké sókè. Dottie rí àáké tó lọ sókè, òun náà gbé tirẹ̀. Ọwọ́ Nadine ṣì wà nínú yanrìn.

Ariwo tó ti ọ̀fun rẹ̀ jáde, mi ò ní lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tú jáde sára ẹ̀wù tuntun rẹ̀. Kàkà kí èrò sún sẹ́yìn, ńṣe ni wọ́n ya bo ara wọn. Díákónì tí kò léyín gba ẹ̀mú tí wọ́n fi ń yí ẹran, ó fi ń lu àwọn tó wà nítòsí iná. Wọ́n gbá olórin kan ní fèrè tirẹ̀ títí fèrè náà fi ká. Ìyàwó Royce ti Dottie ṣubú, ó jókòó lé e láyà, ó ń bi í pé, "Ta ni wọ́n ní ó ń lù mí? Sọ ọ́ báyìí!" Àwọn ẹṣin ta sáré, wọ́n wọ́ kẹ̀kẹ́ kọjá lórí ẹsẹ̀ ọkùnrin kan, mo gbọ́ bí egungun ṣe dún. Wọ́n dojú tábìlì tí mo ti ń pín ìwé ètò dé. Bí mo ṣe ń sáré lọ sọ́dọ̀ Nadine, obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin dábùú mi pẹ̀lú pátákó Pásítọ̀.

"Ẹgbẹ́ wo lo wà?"

"Atẹ̀wé ni mí, mà!"

"Ìwọ lo tẹ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ yẹn!"

Gbà! Mi ò lè sọ pé ó purọ́ mọ́ mi.

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá tú wọn ká, tí wọ́n ti gbé Nadine lọ sílé ìwòsàn, mo wo inú àpótí. Ìka méjì ló wà níbẹ̀, yanrìn sì ti bò wọ́n dé ìdajì. Àáké kankan kò sí níbẹ̀. Mo fi áńkáṣíìfù gbé àwọn ìka náà, mo sáré gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n dókítà ní wọ́n ti fọ́ jù, wọn kò ṣeé rán mọ́.

Àáké ta ni? Gbogbo ìlú ló fi fóònù ya á. Fídíò ti ẹgbẹ́ Erin bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí Dottie ti gbé àáké. Ti ẹgbẹ́ Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí Royce ti gbé tirẹ̀. Èmi tí mo wà nítòsí, ohun tí mo rí ni pé àáké méjèèjì jọ sọ̀ kalẹ̀ pọ̀ ni. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ méjèèjì jọ ṣe lọ́dún yìí nìyẹn.

Ọjọ́ ìbò àwọn sẹ́nétọ̀ kò yẹ̀. Mo bá Nadine lọ, èmi ni mo wa ọkọ̀. Ó jókòó níwájú wọn, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú báńdéèjì lórí itan. Burris dìde.

"Mo ṣèlérí níwájú gbogbo ìlú," ó ní. "Mo ní tí ẹ̀jẹ̀ bá kán sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ sì kán sílẹ̀."

"Everett," ni Nadine wí, "ẹ̀jẹ̀ mi ni."

"Mo mọ̀, Nadine. Ó dùn mí dọ́kàn. Àmọ́ mi ò sọ pé ẹ̀jẹ̀ ẹni báyìí."

Ìbò kan péré ni Nadine fi pàdánù. Bí wọ́n ṣe ń jáde, wọ́n ń bọ Burris lọ́wọ́, wọ́n ń sọ pé ó ṣọ̀wọ́n láyé òde òní kí èèyàn rí olóṣèlú tó ń dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nadine kò sunkún. Nínú ọkọ̀, ó ní òun á pe Royce àti Dottie lẹ́jọ́, kí òfin sọ tẹnu rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó lọ bá Arlene, akọ̀wé kọ́ọ̀tù.

"Ọ̀rẹ́ mi," ni Arlene wí, "ta ni yóò gbọ́ ọ? A ò ní adájọ́."

"Nígbà wo la máa ní?"

"Ìgbà tí wọ́n bá fọwọ́ sí ẹnì kan."

Royce àti Dottie ti mọ èyí kí Nadine tó mọ̀ ọ́n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n jọ wọ ọkọ̀ kan wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Royce ló ṣílẹ̀kùn. "Ẹ rọra tẹlẹ̀, Tíṣà, ilẹ̀ ń yọ̀." "O ṣé, ọmọ mi." Pátákó kan ni wọ́n fẹ́ tẹ̀, àwọn méjèèjì, kí erin wà lápá ọ̀tún, kí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wà lápá òsì: "Yíyan Adájọ́ Kò Gba Ìkánjú. Ẹ Jẹ́ Ká Fara Balẹ̀." Pásítọ̀ rí i, omijé ayọ̀ bọ́ lójú rẹ̀. Ìwé ìròyìn ìlú kọ ọ́ pé ìwà ọmọlúàbí ti padà dé. A tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan wà ní iwájú ilé tó dojú kọ fèrèsé mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

Láàárọ̀ òní, Nadine ti ọ́fíìsì rẹ̀ pa. Níbi tí kò bá ti sí adájọ́, kí ni lọ́yà fẹ́ ṣe? Ó ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin lágbègbè àwọn òkè. Ó gbé àwọn òdòdó inú ìkòkò rẹ̀ wá fún mi kí n máa tọ́jú wọn. Nígbà tó fẹ́ dágbére, ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó rántí, ó fà á sẹ́yìn, ó na tòsì sí mi. O mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. A kì í na ọwọ́ òsì sí àgbà lọ́dọ̀ wa, ká má tíì wá sọ pé ká gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì gbà á, mo sì tẹ̀ba. Kò bi mí ní ìdí rẹ̀. Ó ní, "Má jẹ́ kí omi pọ̀ jù lára wọn, Gbádé," ó wọ ọkọ̀, ó lọ.

Bá mi kí Màámi, sọ fún wọn pé mò ń wọ ṣẹ́wẹ́tà. Kí Ìyá Ìbejì, kí Bàbá Káfíńtà ẹ̀yìnkùlé yín, kí gbogbo àwọn tí a jọ wà ní Póòlì tí wọ́n bá ṣì ń bi ọ́ nípa mi. Kọ̀wé sí mi kíákíá, etí mi ọ̀tún ń retí rẹ.

                                                  Tìrẹ ni mo jẹ́, nílé lóko,
                                                  Gbádébọ̀ Arówólò.